Iná lọ, iná dé, nọ́ńbà IP yí padà: báwo la ṣe ń so ó mọ́lẹ̀?

Omo_Bodija
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ìbéèrè nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ni. Ohun tó wà nílẹ̀: ráútà fáíbà kan (192.168.1.1), láptọ́ọ̀pù méjì, ọ̀kan Windows 10, èkejì Windows 11, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń lo Wi-Fi, DVR oníkámẹ́rà mẹ́rin (àpótí tó ń gba àwòrán kámẹ́rà sílẹ̀) tó wà lórí wáyà, Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré) tí à ń kó fáìlì sí, tẹlifíṣọ̀n kan, àti fóònù bíi mẹ́fà.

Bí iná bá lọ tó sì padà dé, nọ́ńbà IP wọn, ìyẹn àdírẹ́sì ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, á ti yí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lórí 192.168.1.5 á bọ́ sórí .9, Windows á wá kọ "Offline" sí i lára. Áàpù kámẹ́rà á máa wá DVR níbi tí kò sí mọ́. Mo wọ sẹ́tíńgì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo fi ọwọ́ kọ 192.168.1.5 sí i, àmọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta láptọ́ọ̀pù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àdírẹ́sì òun forí gbárí pẹ̀lú ti ẹlòmíràn. Ibo ni mo ti ṣì í?

Agba_Netiwoki
Àbúrò, o ò jìnnà sí i. O fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní nọ́ńbà, o ò sọ fún ráútà tó ń pín nọ́ńbà.

DHCP lorúkọ iṣẹ́ ìpínfúnni yẹn. Fi wé ẹni tó ń fi àlejò jókòó níbi ìnáwó: ó ní ìwé kan lọ́wọ́ tó fi ń kọ ẹni tó wà lórí àga kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ráútà ilé ló jẹ́ pé inú mẹ́mórì tí iná ń pa rẹ́ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Iná lọ, ìwé nù. Bí iná bá dé, fóònù tó ní bátìrì lára ti wọlé kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó parí ariwo ìdìde rẹ̀, àga tó bá ṣẹ́ kù ni yóò bá.

Ní ti ìforígbárí: Windows kì í pariwo rẹ̀ àfi bó bá kan òun fúnra rẹ̀. Nítorí náà láptọ́ọ̀pù rẹ gan-an ni ráútà gbé .5 fún. Kí Windows tó gba nọ́ńbà kan, ó máa ń ké sí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì pé "ta ló ń lo èyí?" Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà lójú oorun nígbà yẹn, kò dáhùn. Ìgbà tó jí ni wọ́n di méjì lórí àga kan.

Ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀ kò sí lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rárá. Tẹ 192.168.1.1 sínú bíráúsà, wá ibi tí wọ́n kọ LAN tàbí DHCP Server sí. Bó bá jẹ́ pé láti 192.168.1.2 dé 192.168.1.254 ni ráútà ń pín, kò ṣẹ́ àga kankan kù fún ọ. Sọ ìbẹ̀rẹ̀ di 192.168.1.100, sọ ìparí di 192.168.1.199. Ọgọ́rùn-ún nọ́ńbà ló ṣì kù fún àlejò, láti .2 dé .99 sì di tìrẹ. Má fọwọ́ kan .0 àti .255: àkọ́kọ́ lorúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀, èkejì ni wọ́n fi ń pe gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà.

Lease Time, ìyẹn iye àkókò tí ẹ̀rọ lè fi di nọ́ńbà kan mú, wà lójú ìwé kan náà. Wákàtí 24 dára. Ṣọ́ra fún bí ráútà ṣe ń kà á: òmíràn fẹ́ ìṣẹ́jú (1440), òmíràn fẹ́ ìṣẹ́jú àáyá (86400). Bí o bá kọ 24 sínú èyí tó ń ka ìṣẹ́jú, gbogbo ẹ̀rọ á máa wá tún nọ́ńbà wọn tọrọ ní ìṣẹ́jú méjìlá méjìlá, torí bí àkókò bá ti dé ìdajì ni wọ́n ti ń tọrọ.

Mapo_Tech
Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó máa lọ kọ nọ́ńbà sórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Orí ráútà náà ni kó ti ṣe gbogbo rẹ̀. Wọ́n máa ń pè é ní Address Reservation, Static DHCP tàbí IP/MAC Binding. Ẹ óò kọ MAC ẹ̀rọ náà (àmì ìdánimọ̀ tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́) síbẹ̀, ẹ óò kọ nọ́ńbà tí ẹ fẹ́ kó máa gbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà á ṣì máa béèrè nọ́ńbà bíi ti tẹ́lẹ̀, ìdáhùn kan náà lá máa bá pàdé. Sẹ́tíńgì ráútà yàtọ̀ sí ìwé àwọn tó jókòó. Iná kì í pa á rẹ́.

MAC jẹ́ àmì méjìlá, láti 0 dé 9 àti A dé F. Ó wà lára sítíkà ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ `ipconfig /all`, ẹ wo "Physical Address". Windows máa ń fi àmì - sí àárín, ọ̀pọ̀ ráútà sì ń fẹ́ àmì : ni. Bí ráútà bá kọ̀ ọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Láptọ́ọ̀pù ní MAC méjì, ti Wi-Fi ọ̀tọ̀, ti wáyà ọ̀tọ̀. Fóònù le díẹ̀: láti Android 10 àti iOS 14 ni fóònù ti ń dá MAC àfọwọ́ṣe fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ so fóònù mọ́ nọ́ńbà, ẹ lọ sínú sẹ́tíńgì Wi-Fi ilé yẹn, ẹ yan "Use device MAC" lórí Android, tàbí kí ẹ pa "Private Wi-Fi Address" lórí iPhone. Àmọ́ kí lẹ fẹ́ fi nọ́ńbà fóònù ṣe? Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Bí ẹ bá ti fi í pamọ́ tán, ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ tún un tàn. Ti Windows, `ipconfig /release` lẹ́yìn náà `ipconfig /renew` ti tó.

WayaDudu
Mapo_Tech, mi ò gbà tán. Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan wá tún fáíbà ṣe lọ́la kó fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò Reset, gbogbo ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ ti lọ nìyẹn. Bí wọ́n bá pàrọ̀ ráútà náà ńkọ́? Ẹ̀rọ tí ẹlòmíràn ń sọ́dọ̀ rẹ̀, bíi DVR, Pi tó ní fáìlì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ara tirẹ̀ ló yẹ kí nọ́ńbà wà. Ráútà ìbá jẹ́ aṣiwèrè, DVR á ṣì mọ orúkọ ara rẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù ni kò yẹ kéèyàn kọ nọ́ńbà sí lára. Bí ẹ bá gbé e lọ sí ọ́fíìsì tó ń lo 192.168.0.x, Wi-Fi á so, íntánẹ́ẹ̀tì ò ní wọlé, ẹ óò sì máa bú Wi-Fi tí kò ṣẹ̀.

Mapo_Tech
Mo gbà fún yín lórí DVR àti Pi. Fún àwọn yẹn, ẹ ṣe méjèèjì: ẹ kọ nọ́ńbà sí i lára, ẹ sì kọ nọ́ńbà kan náà sínú ráútà. Bí èyíkéyìí bá já, ìkejì á dì í mú. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, orí ráútà ti tó, nítorí bọ́tìnì mẹ́ta pere ni ọ̀pọ̀ wọn ní, iṣẹ́ ìyà ni kéèyàn máa fi wọ́n kọ nọ́ńbà.

Ní ti Reset, ráútà tó bójú mu ní ibi Backup. Ẹ gba fáìlì náà sórí kọ̀ǹpútà. Bí kò bá sí, ẹ ya fọ́tò ojú ìwé yẹn.

Ohun kan tún ni: ráútà kan kì í gba nọ́ńbà tí kò sí láàárín èyí tó ń pín, òmíràn kì í gba èyí tó wà láàárín rẹ̀. Ẹ dán an wò. Bí tiyín bá fẹ́ èyí tó wà láàárín, ẹ fi .180 sókè sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ráútà ti mọ̀ nípa wọn, kò ní gbé wọn fún ẹlòmíràn.

Omo_Bodija
Ẹ ṣé gan-an. Mo fẹ́ dán an wò lórí Windows 10 kí n lè mọ̀ ọ́n, ó ní "Can't save IP settings". Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ: 192.168.1.40, 255.255.255.0, 192.168.1.1. Pi ńkọ́? Ohun tí mo kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kí n ṣí fáìlì dhcpcd.conf, n kò rí i.

Aburo_Linux
Windows 10 yẹn kò béèrè mask lọ́wọ́ yín. Ẹ tún un kà: "Subnet prefix length" ló kọ síbẹ̀. 24 pere ni kí ẹ kọ. Windows 11 ló ń béèrè "Subnet mask", ibẹ̀ ni 255.255.255.0 ti wúlò. Ohun kan náà ni méjèèjì ń sọ: bíìtì 24 àkọ́kọ́ nínú 32 ni orúkọ àdúgbò, 8 tó kù ni nọ́ńbà ilé.

Bí ojú ìwé sẹ́tíńgì bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí Administrator:

`netsh interface ip set address name="Ethernet" static 192.168.1.40 255.255.255.0 192.168.1.1`
`netsh interface ip set dns name="Ethernet" static 192.168.1.1`

Orúkọ tó wà láàárín àmì "" gbọ́dọ̀ bá ti kọ̀ǹpútà yín mu; `netsh interface show interface` á fi hàn yín. Láti dá a padà: ẹ fi `dhcp` rọ́pò ọ̀rọ̀ static àti gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e nínú àṣẹ méjèèjì.

Pi: láti ìgbà tí Raspberry Pi OS Bookworm ti jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, NetworkManager ló ń darí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀, dhcpcd ti lọ. Ìtọ́ni àtijọ́ lẹ kà. Ẹ ṣe báyìí:

`nmcli con show`
`sudo nmcli con mod "Wired connection 1" ipv4.method manual ipv4.addresses 192.168.1.20/24 ipv4.gateway 192.168.1.1 ipv4.dns "192.168.1.1 1.1.1.1"`
`sudo nmcli con up "Wired connection 1"`

Bí ẹ bá gbàgbé /24, á ka àdírẹ́sì náà sí ilé kan ṣoṣo tí kò ní àdúgbò. Bó bá sì jẹ́ SSH lẹ fi wọlé láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn, ojú fèrèsé yín á dákẹ́ gbàrà tí ẹ bá tẹ ìlà ìkẹyìn. Kò bàjẹ́ o. Ẹ ti i pa, ẹ tún wọlé lórí 192.168.1.20.

Ẹni tó ń lo Ubuntu Server, netplan ni tiyín, fáìlì rẹ̀ wà nínú /etc/netplan. Sípéèsì ni kí ẹ lò níbẹ̀, kì í ṣe Tab. `gateway4` tí àwọn ìtọ́ni àtijọ́ ń kọ kò bóde mu mọ́; `routes` pẹ̀lú `to: default` ni wọ́n ń lò báyìí. Ẹ fi `sudo netplan try` dán an wò dípò `apply`: bí ẹ kò bá tẹ Enter láàárín 120 ìṣẹ́jú àáyá, á dá ohun gbogbo padà sí bó ṣe wà.

IyaIbeji01
Ẹ jẹ́ kí n bá wọn dá sí ti kámẹ́rà. Bó bá jẹ́ DVR ni lóòótọ́, kámẹ́rà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn kò ní IP rárá. Wáyà coaxial ló so wọ́n mọ́ ọn. DVR nìkan ló nílò nọ́ńbà. Bó bá jẹ́ NVR ni (irú èyí tó ń lo kámẹ́rà orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ẹ sì máa ṣọ́ nọ́ńbà tí wọ́n gbé wá láti ilé-iṣẹ́: 192.168.1.64 ni ti Hikvision, 192.168.1.108 ni ti Dahua. Ẹ wo .108 yẹn dáadáa, ó wà láàárín èyí tí Àgbà ní kí ráútà máa pín. Bí irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ bá ń bọ̀ wá sílé, ẹ yí nọ́ńbà rẹ̀ padà kí ẹ tó dá a pọ̀ mọ́ àwọn yòókù.

Àṣìṣe tí àwọn tó ń fi kámẹ́rà sílé ń ṣe jù ni pé wọ́n máa ń kọ IP àti mask, wọ́n á fi Gateway (nọ́ńbà ráútà tí ẹ̀rọ ń gbà jáde) àti DNS (ẹni tó ń túmọ̀ orúkọ ojúlé sí nọ́ńbà) sílẹ̀ lófo. Nínú ilé, gbogbo rẹ̀ á ṣiṣẹ́, ẹni tó ṣe é á gbowó, á lọ. Láti ìta, àwòrán ò ní wọlé, nítorí DVR kò mọ ọ̀nà àbájáde. Aago rẹ̀ náà á máa yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ torí kò lè bá NTP, aago orí íntánẹ́ẹ̀tì, sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá wá nílò àwòrán olè, ọjọ́ àti wákàtí tó wà lára rẹ̀ kò ní bá tòótọ́ mu.

WayaDudu
Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà ní tirẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ti dúró, tí Windows ṣì ń kọ "Offline", ẹ wọ Printer properties, ẹ lọ sí Ports. Bí ẹ bá rí WSD níbẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà yín ni Windows ń lò. Add Port, Standard TCP/IP Port, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ Configure Port, ẹ yọ àmì kúrò lára "SNMP Status Enabled". Nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò bá dáhùn SNMP, Windows á gbà pé ó ti kú, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ le.

Peckham_Yoruba
Ẹ kú ìjíròrò o. Bí nọ́ńbà DVR bá ti dúró báyìí, ṣé ẹni tó wà ní London lè tẹ 192.168.1.10 kó wo ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Ìbàdàn?

Agba_Netiwoki
Rárá. 192.168, 10, àti 172.16 dé 172.31, nọ́ńbà inú ilé ni gbogbo wọn. Láti 1996 ni ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ RFC 1918 ti yà wọ́n sọ́tọ̀, ilé kọ̀ọ̀kan lágbàáyé lè lò wọ́n. Bí o bá tẹ 192.168.1.10 ní London, inú ilé rẹ ní London ni wàá ti máa wá a.

Nọ́ńbà ìta tó ń jẹ́ WAN IP ni ráútà ń gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Wò ó lójú ìwé Status. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, tàbí tó wà láàárín 100.64 àti 100.127, ẹ̀yin pẹ̀lú ọ̀pọ̀ oníbàárà ló jọ ń lo nọ́ńbà ìta kan ṣoṣo. CGNAT ni wọ́n ń pè é, ó sì wọ́pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì 4G. Port forwarding, ìyẹn ṣíṣí ọ̀nà láti ìta wọ ẹ̀rọ kan nínú ilé, kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bó ti wù kó o tò ó tó.

Kódà bó bá lè ṣiṣẹ́, mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni ṣí ojú DVR síta. Ní 2016, DVR àti kámẹ́rà tí wọn kò yí ọ̀rọ̀ aṣínà wọn padà ni fáírọ́ọ̀sì Mirai kó jọ, tó sì fi kọlu Dyn, ilé-iṣẹ́ DNS kan, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá.

Aburo_Linux
Bí Pi ti wà nílẹ̀ yẹn, ẹ fi Tailscale sí i, áàpù tó ń so ẹ̀rọ tó jìnnà síra pọ̀ bíi pé inú ilé kan ni wọ́n wà. Kò kọ CGNAT. Bí ìtọ́ni wọn ṣe wí, ẹ kọ́kọ́ ṣí IP forwarding lórí Pi, kó lè máa bá àwọn ẹ̀rọ yòókù gbé ọ̀rọ̀ kọjá, kí ẹ wá tẹ:

`sudo tailscale up --advertise-routes=192.168.1.0/24`

Lẹ́yìn náà ẹ fọwọ́ sí ọ̀nà náà lójú ìwé àkóso yín. Ẹni tó wà ní London á fi áàpù rẹ̀ sórí fóònù, á sì tẹ nọ́ńbà DVR bí ẹni tó wà ní pálọ̀.

Àmọ́ ẹ dúró. Bí Wi-Fi London náà bá jẹ́ 192.168.1.x, tí àìmọye ráútà sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, fóònù rẹ̀ á máa wá DVR láàárín ilé tirẹ̀. Kí ẹ tó kọ nọ́ńbà kankan síbì kankan, ẹ yí àdúgbò ilé Ìbàdàn padà sí nǹkan tí kò wọ́pọ̀, bíi 192.168.57.x.

WayaDudu
Ìyẹn ló yẹ ká ti sọ níbẹ̀rẹ̀ o! Omo_Bodija, ṣé ẹ ò tíì kọ nǹkan kan?

Omo_Bodija
Mo ti kọ DVR sí 192.168.1.10 lánàá. Ní òwúrọ̀ yìí mo yí ráútà sí 192.168.57.1. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti fóònù ti tẹ̀ lé e lọ. DVR kò dá mi lóhùn mọ́, kò sì sí mọ́nítọ̀ tí mo lè so mọ́ ọn.

Agba_Netiwoki
Má tẹ Reset rẹ̀. Àdúgbò àtijọ́ ló ṣì wà, kò sì sí ẹni tó lè bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Lọ bá a níbẹ̀.

Fi wáyà so láptọ́ọ̀pù mọ́ ráútà, kó o pa Wi-Fi rẹ̀. Kọ 192.168.1.50 sí i lára, mask 255.255.255.0, fi gateway sílẹ̀ lófo. Ráútà kò ní bá ọ jà: ihò LAN rẹ̀ kì í wo IP, MAC ló ń wò. Tẹ `ping 192.168.1.10`. Bó bá dáhùn, ṣí i nínú bíráúsà, yí IP sí 192.168.57.10, gateway sí 192.168.57.1, DNS náà bẹ́ẹ̀. Bí o bá ti tẹ Save, ojú ìwé á di. Ó ti kó lọ nìyẹn.

Bí ping kò bá dáhùn, tẹ `arp -a`. Bí MAC DVR bá yọ níwájú 192.168.1.10, ó wà láàyè, ping ni kò fẹ́ dáhùn. Gbìyànjú bíráúsà bẹ́ẹ̀.

Mapo_Tech
Kí ẹ sì yẹ ojú ìwé DHCP wò. Ráútà kan máa ń yí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí fúnra rẹ̀ bí ẹ bá yí IP rẹ̀, òmíràn á fi 192.168.1.100 sílẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí mo máa lò nìyí:

192.168.57.1: ráútà
192.168.57.2: ráútà kejì tí ẹ bá rà fún yàrá ẹ̀yìn. Ẹ pa DHCP tirẹ̀, ihò LAN rẹ̀ ni kí wáyà wọ̀, kì í ṣe WAN
192.168.57.10: DVR
192.168.57.20: Pi
192.168.57.30: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé
192.168.57.100 dé .199: láptọ́ọ̀pù, fóònù, tẹlifíṣọ̀n, àlejò

Àṣẹ Pi tí Aburo_Linux kọ, ẹ fi 192.168.57 rọ́pò 192.168.1 níbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: àdírẹ́sì, gateway, DNS àkọ́kọ́, àti `--advertise-routes`.

Omo_Bodija
DVR ti dáhùn lórí 192.168.57.10. Mo pa ráútà, mo tàn án lẹ́ẹ̀mejì, nọ́ńbà kò yí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń tẹ̀wé láti orí Windows 11. Windows 10 nìkan ni kò rí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́.

WayaDudu
Òun lẹ fi lọ bá DVR. Ẹ dá a padà sí DHCP.